Ẹ Gba Rìsíìtì

Ìjọrà, níbi tí wọ́n ti ń fi èédú Enúgu dá iná mànàmáná fún Èkó láyé òyìnbó, ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́yà. Olówó kì í wá sọ́dọ̀ mi. Ìyá ẹlẹ́ja, aránṣọ, ẹni tó ra ọjà tí kò ṣiṣẹ́ tí ọlọ́jà sì ní òun ò mọ̀ ọ́n rí, àwọn wọ̀nyẹn ni oníbàárà mi.

Nírọ̀lẹ́, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní òfin. Gbogbo lọ́yà ló mọ ẹjọ́ ìgbín inú ìgò tí wọ́n dá nílẹ̀ òyìnbó ní 1932. Kíá ni mo máa ń sọ ìyẹn tán kí n tó bọ́ sí tilé wa. Ní 1973, ẹnì kan bá eyín jíjẹrà nínú bísíkíìtì, ilé ẹjọ́ Èkó sì dá a láre lórí Niger Biscuit. Inú àwọn ọmọ á dùn. Ìgbà náà ni n ó wá gbé ẹjọ́ Boardman àti Guinness ti 1980 síwájú wọn. Ilé iṣẹ́ Guinness ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń pọn ọtí wọn, Boardman tó mu ún sì pàdánù. Ibẹ̀ ni mo máa ń pẹ́ sí. Báwo ni ẹni tó ra ìgò ọtí kan ṣoṣo ṣe fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ògiri ilé iṣẹ́? Ó dùn mí nígbà náà, ó ṣì ń dùn mí.

Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ́ àwọn ìyá ọjà náà: ẹ gba rìsíìtì, ẹ má da páálí nù, ẹ má fọ ìgò tí ẹ bá rí nǹkan nínú rẹ̀. Ìyá ẹlẹ́ja kan ra fírísà, kò pẹ́ tó fi dákẹ́, ẹja rà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọlọ́jà ní òun ò tà á fún un. Màmá tú etí ìró wọn, rìsíìtì jáde. A ò dé iwájú adájọ́ tí ọkùnrin náà fi san owó.

Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń jà fún ara rẹ̀ nígbà yẹn. Nígbà tí lọ́yà Toluwani Adebiyi gba ìdájọ́ ní 2016 pé àfikún owó iná, ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún, kò bófin mu, gbogbo ilé ló jà fún. Orí mi wú.

Wọ́n ṣòfin ààbò oníbàárà ní 1992, àjọ tó yẹ kó mú un ṣẹ ò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí di 1999. Òfin ti 2018 wá pàṣẹ kí ọlọ́jà máa fún oníbàárà ní àkọsílẹ̀ ohun tó rà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹ̀yin lọ́yà ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ wà ní Ìjọrà àti Bàdíà, mo bẹ̀ yín, ẹ kà á fún àwọn ìyá yín lédè tí wọ́n gbọ́.