Kí Ló Ń Mú Ẹran Ara Dẹ̀?

Ẹni tó bá tètè dé ìsọ̀ alápatà lọ́jà Abakpa Nike, nílùú Enugu, á rí i: ẹran màlúù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé sórí pákó, tí kò lórí, tí kò lọ́pọlọ, á máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún. Òǹkọ̀wé yìí fìka kàn án, ẹran náà tún sún kì. Alápatà rẹ́rìn-ín: “Madam, ó ṣì tutù ni.” Ó sanwó, ó gba ẹran ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn ẹ̀. Ta ló ń pàṣẹ fún ẹran tí kò lọ́gàá mọ́?

Lára alààyè, àṣẹ ń gba inú iṣan tó ń jíṣẹ́ ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀ bí iná mànàmáná. Àmọ́ iná yẹn kì í wọnú ẹran ara tààrà. Àlàfo tínńtín kan wà láàárín àwọn méjèèjì. Bí àṣẹ bá débẹ̀, iṣan á tú èròjà tó ń jẹ́ acetylcholine síta, ìyẹn á sọdá, á kan ẹran lára, sodium á rọ́ wọlé, calcium tí ẹran tò pamọ́ á tú jáde. Ìgbà yẹn ni fọ́nrán myosin máa di ti actin mú, á sì fà á. Gbogbo ẹ̀ ò gba ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ẹran orí pákó ò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnì kankan. Agbára tó ṣẹ́ kù sínú ẹ̀, ìyẹn ATP, ló ń ná. Ọ̀bẹ, ìka tàbí iyọ̀ lè ru ú sókè. Bó bá ná an tán, ó yẹ kó dẹ̀ bí aṣọ tó bọ́ lórí okùn. Kàkà bẹ́ẹ̀, ńṣe ló máa ń le gbagidi.

Ìdí ni pé myosin gbọ́dọ̀ gba ATP tuntun kó tó lè jọ̀wọ́ actin. Òkú tó le ò fún nǹkan mọ́ra. Agbára tí yóò fi tú ọwọ́ sílẹ̀ ni ò ní.

Ọ̀rọ̀ àìlèjọ̀wọ́ yìí ló gbé ọ̀rọ̀ aáyán kan wá sọ́kàn. Nígbà tí òǹkọ̀wé yìí wà lọ́mọdé, bí ìyá ẹ̀ bá ti fín otapiapia, oògùn apakòkòrò, sí ilé ìdáná, á lọ bẹ̀rẹ̀ ti aáyán tó fẹ̀yìn lélẹ̀, tí ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń gbọ̀n wìrìwìrì. Kì í ṣe àìrí àṣẹ gbà ló ń pa aáyán yẹn. Àṣẹ tí kò dáwọ́ dúró ni. Nínú ara, acetylcholinesterase ló máa ń nu acetylcholine kúrò kíá. Dichlorvos, oró inú ọ̀pọ̀ otapiapia, ló ń dè é mọ́lẹ̀. Ara èèyàn náà ò yàtọ̀: ẹran á máa ta, á rọ, títí dórí èyí tá a fi ń mí.

Ìlú Calabar ti mọ irú oró yìí tipẹ́. Ẹ̀wà esere ni àwọn Efik fi ń dán ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn wò: ẹni tó bá bì í, ó mọ́, ẹni tó bá kú, ó jẹ̀bi. Lọ́dún 1855, Robert Christison, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Edinburgh, jẹ díẹ̀ níbẹ̀ fúnra ẹ̀. Nígbà tí ara ẹ̀ ń rọ, omi tó fi fárùngbọ̀n ló gbé mu kó lè bì. Lọ́dún 1864 ni wọ́n yọ oró náà, physostigmine, nínú ẹ̀wà náà. Nígbà tó di 1934, ní Greenwich, dókítà Mary Walker gún un fún obìnrin tí àìsàn myasthenia gravis ti mú kí ìpéǹpéjú ẹ̀ wó lulẹ̀, nítorí àṣẹ ò rinlẹ̀ dáadáa lára ẹran ẹ̀. Ìpéǹpéjú náà gbéra fún wákàtí mélòó kan. Ibi tí àṣẹ ti kéré, ohun tó ń dá acetylcholinesterase dúró di oògùn.

Ní ti dichlorvos, oró ló ṣì jẹ́: lọ́dún 2019, NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, fòfin de títa á nínú ìgò kékeré káàkiri ọjà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bù ú sínú ìgò omi, ẹ má sì dà á sórí ẹ̀wà nítorí kòkòrò. Bí ọmọ bá ṣèèṣì mu ún, tó ń da itọ́, tí ẹran ara ẹ̀ ń ta, ẹ má fàkókò ṣòfò lórí epo pupa. Ẹ gbé e sáré lọ sílé ìwòsàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti lè fún un ní atropine tó lè gbà á sílẹ̀.