Ọmọ Tí Ó Pe Ara Rẹ̀ ní Olódo

Kò sí olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò mọ gbólóhùn kúkúrú yìí: 'Olódo ni mí.' Ọmọ tí ó bá ti gba èyí gbọ́ kì í nawọ́ mọ́ nínú kíláàsì. Kí ìbéèrè tó kàn án, ó ti dá ara rẹ̀ lẹ́bi.

Ó yẹ kí a fi ojú gírámà wo ọ̀rọ̀ náà. 'Mo gba òdo nínú ìṣirò' ń sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n bí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ 'oní-' bá so mọ́ 'òdo', ó di 'olódo', gẹ́gẹ́ bí 'owó' ṣe ń di 'olówó'. Máàkì ti di orúkọ ènìyàn nìyẹn. Máàkì ṣe é tún gbà. Orúkọ ní tirẹ̀ a máa ro ọmọ.

Ní Mowe àti Ibafo, lẹ́bàá òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, àti ní Ifo lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, ọ̀pọ̀ òbí ni ó ń jí lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́. Sún kẹrẹ fà kẹrẹ ọkọ̀ kì í sì í jẹ́ kí wọ́n tètè padà. Ohùn olùkọ́ ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń gbọ́ jù lójúmọmọ. Èyí tí ó bá gbọ́ ni yóò máa sọ sí ara rẹ̀.

Ní ọdún 2003, Kristin Neff, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí ṣíṣàánú ara ẹni: kí ènìyàn máa ṣe sí ara rẹ̀ bí yóò ti ṣe sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nígbà ìṣòro. Yorùbá ní ohun tí a lè fi kọ́ ọmọ ní èyí. Bí ẹlòmíràn bá kọsẹ̀, 'pẹ̀lẹ́' ni à ń kí i, bí kò tilẹ̀ sí ọwọ́ wa níbẹ̀. Àwọn àgbà a sì máa gbọ́wọ́ lé orí wọn, wọn a bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gbè wọ́n. Ẹni tí ń bẹ orí rẹ̀ kò ní máa bú u.

Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, bí ọmọ bá ní olódo ni òun, ẹ ní kí ó tún gbólóhùn náà sọ: 'Mo ṣi ìṣirò yìí ṣe, n kò tíì mọ̀ ọ́n.' Ẹ bi í ní ohun tí yóò sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó bá ṣi irú rẹ̀ ṣe, kí ó sì sọ ọ́ fún ara rẹ̀. A kò ní kí ẹ pa ìbáwí tì: bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, à á fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Iṣẹ́ inú ìwé ni kí gègé pupa máa fàlà sí. Kí ó má kan orúkọ ọmọ.