Mo Wá Ilé Gáà Lọ sí Ọ̀yọ́

Fíìmù ló fà á. Kí ni ìbá tún jí èmi ará Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn ní ìdájí ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejìlá ọdún 2024, tí mo fi gbé báàgì kọ́ èjìká, tí mo ní Ọ̀yọ́ ni mò ń lọ, mo fẹ́ lọ wo ilé Baṣọ̀run Gáà?

Fíìmù ni mo fi gbogbo ọdún náà wò. Ní oṣù Kẹta, Aníkúlápó: Rise of the Spectre, ti Kúnlé Afọláyan, jáde lórí Netflix. Ní oṣù Keje, House of Ga'a ti Bọ́láńlé Austen-Peters tẹ̀lé e. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, Lisabi: The Uprising dé, èyí tí Níyì Akínmọláyan darí, tí Látééf Adédiméjì sì ṣe Lísàbí nínú rẹ̀. Owó dátà tí mo jó lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, n kò jẹ́ sọ ọ́ létí ìyàwó mi. House of Ga'a nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wò ó. Gáà tí mo ní lọ́kàn láti ìgbà tí mo ti ka eré tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ nílé ẹ̀kọ́ ti kúrò níbẹ̀. Ojú Fẹ́mi Branch tó ṣe é nínú fíìmù ló gba ipò rẹ̀. Gbogbo wa la mọ òwe tí wọ́n ń fi ikú Gáà pa, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ tèmi tẹ ibi tí ó kú sí.

Ní Ọ̀jọ́ọ̀ ni mo ti wọ mọ́tò. A kọjá Mọ́níyà, a kọjá Fìdítì níbi tí àwọn obìnrin ti ń na ọsàn àti ọ̀pẹ̀-òyìnbó sí wa lójú fèrèsé. Ó ku díẹ̀ ká dé Ìlọrá ni mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín. Awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí iwájú ọkọ̀, ó da omi ọ̀rá mẹ́ta sínú rédíétọ̀, ó ní kò sí nǹkan kan. A jókòó sábẹ́ igi fún wákàtí kan àti ààbọ̀ lórí “kò sí nǹkan kan” yẹn.

“Bọ̀dá, kí lẹ ń lọ ṣe ní Ọ̀yọ́?” ọmọbìnrin kan tó gbé adìẹ méjì dání bi mí.

“Mo ń lọ wo ilé Gáà ni.”

Ó wo adìẹ rẹ̀, ó tún wò mí, kò bi mí ní nǹkan míràn mọ́ títí a fi dé.

Ààfin dákẹ́ nígbà tí mo débẹ̀. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2022 tí Aláàfin Làmídì Adéyẹmí ti wàjà ni ìtẹ́ ti ṣófo, wọn kò tíì fi ẹlòmíràn jẹ nígbà náà. Mo yà sí ọjà Àkẹ̀sán, èyí tí iná jó ní 2020 tí wọ́n sì tún kọ́. Ní ìtòsí ibẹ̀ ni mo ti rí bàbá kan tó ń fín igbá. Ó gbé igbá náà lé orúnkún, ó ń fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ fa ilà yí ẹnu rẹ̀ ká, èérún rẹ̀ ń já bọ́ sórí ṣòkòtò rẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ilé Gáà wà?”

Kò gbójú sókè. “Gáà wo?”

“Baṣọ̀run Gáà, Bàbá.”

“Ìyẹn kò gbé ibí rí. Ọ̀yọ́ Ilé ló kú sí. Kí Àtìbà tó débí, eérú Gáà pàápàá ti fẹ́ lọ.” Ó fẹ́ èérún kúrò lórí igbá. “Fíìmù lo wò, àbí?”

Ojú tì mí. Mo ṣáà mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ọdún 1774 ni Aláàfin Abíọ́dún borí Gáà. Ó tó bí ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà kí Ọ̀yọ́ Ilé tó tú, tí Aláàfin Àtìbà fi sọ Àgọ́ Ọ̀jà di Ọ̀yọ́ tí mo dúró sí yìí. Inú igbó ọba níhà àríwá, tí wọ́n ń pè ní Old Oyo National Park, ni ahoro ìlú Gáà wà. Fíìmù ló gbọ́n gbogbo rẹ̀ dànù kúrò lórí mi. Mo ra igbá kékeré kan lọ́wọ́ bàbá náà, mo sì wá ibi sùn.

Níbi tí mo sùn sí ni mo ti ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Abíọ́dún tí gbogbo wa ń bá yọ̀ nínú House of Ga'a nítorí pé ó gba Ọ̀yọ́ lọ́wọ́ ìkà, ìgbà tirẹ̀ náà ni wọ́n sọ pé Lísàbí, akọni Ẹ̀gbá, dìde sí Ọ̀yọ́. Ẹni tí mo pàtẹ́wọ́ fún ní oṣù Keje, ìjọba rẹ̀ ni mo ń ṣépè fún ní oṣù Kẹsàn-án!

Bí mo ṣe dorí kọ Abẹ́òkúta ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e nìyẹn. Mo gba Omi-Àdìó, mo gba Ọ̀dẹ̀dá àti Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀. Mo gun òkè Olúmọ, mo mí hẹlẹhẹlẹ, mo sọ̀ kalẹ̀. Lísàbí kò gun ún rí ní tirẹ̀, nítorí ọdún 1830 ni Ẹ̀gbá tó dó síbẹ̀ lábẹ́ Ṣódẹkẹ́. Bàbá onígbá ti là mí lójú, n kò bèèrè ilé ẹnikẹ́ni mọ́.

Àfi bí mo ṣe dé Ìtòkú, níbi tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ, tí mo gbọ́ ohùn Látééf láti orí ìdì aṣọ kan. Fóònù ìyá àgbà tó ni ìsọ̀ ni.

“Ìyá, ẹ̀yin náà ń wò ó?”

“Ìtòkú àtijọ́ ni wọ́n sọ pé wọ́n bí i. Ṣé kí n má wò ó ni? Jókòó.”

Mo jókòó. Kò pẹ́ tó fi àtàǹpàkò tí aró ti pa láró tẹ fóònù, àwòrán dúró gbagidi.

“Ṣé o mọ àáró?”

“Mo gbọ́ nípa rẹ̀, Ìyá.”

“Gbígbọ́ kọ́. Oko rẹ lónìí, oko mi lọ́la, oko lágbájá lọ́túnla. Lísàbí bá gbogbo wọn ro oko tán, kò jẹ wọ́n ní gbèsè. Nígbà tó wá kan òun, ó ní oko òun kọ́ ni kí wọ́n wá ro. Àwọn ìlàrí Ọ̀yọ́ ni kí wọ́n bá òun ro.”

Ó tẹ̀ ẹ́, fíìmù tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ìlàrí, aṣojú Aláàfin láàrin Ẹ̀gbá, tí wọ́n pa nígbà ìdìde náà lé ní 600. Ó tún dá a dúró nígbà tí idán dé: “Èyí pọ̀ jù. Ẹni tó ní èèyàn tó tó yẹn lẹ́yìn, kí ló fẹ́ fi idán ṣe?” Oníbàárà dé, ó dá a dúró; ó wọn aṣọ, ó gba owó, ó padà wá.

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó wù mí kí wọ́n pẹ́ lórí oko ju bí wọ́n ṣe pẹ́ lọ. Síbẹ̀, Lísàbí ni mo fi ṣe ìkíní nínú fíìmù ọdún náà. House of Ga'a ṣe ìkejì, òun ló sì rẹwà lójú jù. Aníkúlápó ṣe ìkẹta, nítorí nínú rẹ̀, ipa Arọ́lákẹ́ dùn ju ti Sàró tó ni ìtàn lọ. Everybody Loves Jenifa tí Fúnkẹ́ Akíndélé gbé jáde ní ìparí ọdún, mo rẹ́rìn-ín nílé sinimá títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà tí mo délé, mo ti gbàgbé ìtàn rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì wo Lísàbí, ẹ wá àgbà Ẹ̀gbá kan tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ sì gbé fóònù sọ́wọ́ rẹ̀. Tiwa gba nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin.