Wọn ò lé abilékọ yìí níṣẹ́, kọ̀ǹpútà ẹ̀ ni ò mọ ọjọ́ mọ́

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, yóò sá. Bí ọ̀rọ̀ abilékọ kan tó ń ṣiṣẹ́ akáǹtì níléeṣẹ́ kan n'Ikẹja ṣe rí nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni wọ́n ní kí mẹ́ta lára àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ máa lọ sílé, ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n yọ orúkọ wọn kúrò lórí Wi-Fi ọ́fíìsì.

Àfi bí obìnrin yìí ṣe tan láptọ́ọ̀pù ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Mọ́ńdè, tó tẹ orúkọ àti páswọ́ọ̀dù ẹ̀, tí kò wọlé. Ó tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, pàbó ló já sí. Ló bá rántí owó ilé ìwé àwọn ọmọ, omi bọ́ lójú ẹ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni, ó ti ń palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́.

Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọkùnrin tó ń bá wọn tún kọ̀ǹpútà ṣe. "Àǹtí, ẹ jẹ́ n wò ó ná." Ni bọ̀bọ́ bá bú sẹ́rìn-ín. Ọdún 2012 ni déètì orí láptọ́ọ̀pù náà wà! Bátìrì kékeré inú ẹ̀ tó máa ń rántí ọjọ́ ti kú, iná ò sì sí lópin ọ̀sẹ̀, bátìrì ńlá náà ti gbẹ pátápátá.

Ẹ gbọ́ o, Wi-Fi irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ kò dà bíi tilé. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ máa fi ara yín hàn, òun náà gbọ́dọ̀ fi ìwé ẹ̀rí tiẹ̀ han kọ̀ǹpútà yín, kí àwọn gbájúẹ̀ má baà fi ayédèrú Wi-Fi gba páswọ́ọ̀dù lọ́wọ́ yín. Ìwé ẹ̀rí yìí ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó ní ọjọ́ tó máa parí. Láptọ́ọ̀pù tó rò pé 2012 lòun ṣì wà ní ìwé náà ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ló bá kọ̀ ọ́. Ọ́fíìsì ò lé Àǹtí o, láptọ́ọ̀pù ẹ̀ ló lé ọ́fíìsì!

Wọ́n tún déètì ṣe, ó wọlé. Bó bá ṣe yín, ẹ kọ́kọ́ wo déètì. Ẹ má sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó má yẹ ìwé ẹ̀rí wò mọ́, olè lẹ ń ṣílẹ̀kùn fún.

Àǹtí ti dá ẹrù ẹ̀ padà sí dúrọ́ọ̀. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.