Omi Aláwọ̀ Ewé, Láti Mọníyà dé Àkànrán

Epìyà mẹ́tàlélógójì ni mo kó jáde nínú táńkì ẹ̀yìnkùlé mi ní Mọníyà lówùúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejì. Mo ń kà wọ́n bí mo ṣe ń kó wọn sínú garawa, torí mo fẹ́ mọ iye tí ìkánjú mi pa. Omi táńkì náà ti rí bí ọbẹ̀ ewédú láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo lọ ra oògùn, ẹni tó tà á fún mi ní kò séwu níbẹ̀, mo sì dà á sómi. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, àwọ̀ ewé náà lọ, omi wá pọ́n bíi tíì, ó ń rùn. Ọjọ́ kẹrin làwọn ẹja léfòó.

Mọ́kànlá ló ṣẹ́kù. Mo pààrọ̀ omi díẹ̀díẹ̀ fún wọn, àmọ́ mo mọ̀ pé oòrùn ṣì ń bọ̀, ewé náà yóò sì padà wá. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo wọ Micra lọ sí Ọ̀jọ́ọ̀, mo tibẹ̀ bọ́ sí Iwo Road, mo wọ ọkọ̀ Lálúpọn. Mo fẹ́ lọ wo omi àwọn tí ẹja wọn wà láàyè.

Ìyá tí mo bá ní Lálúpọn ti pẹ́ nídìí ẹja àrọ̀. Táńkì oníkọnkéré mẹ́rin ló wà lẹ́yìn ilé wọn, omi gbogbo wọn ló sì ní àwọ̀ ewé. Ó yà mí lẹ́nu. Mo ní, "Màámi, omi yín náà kò mọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ká apá aṣọ ẹ sókè."

Mo ká a. Wọ́n ní kí n ti ọwọ́ bọ omi, kí n na àtẹ́lẹwọ́ mi sílẹ̀, kí n máa rì í lọ díẹ̀díẹ̀, kí n máa wo ìka mi. Ọrùn ọwọ́ wọlé, mo rí ìka. Ìdajì apá wọlé, mo ṣì ń rí i. Ìgbà tí omi fẹ́ kan ìgúnpá ni àtẹ́lẹwọ́ mi tó pòórá sínú àwọ̀ ewé náà.

"Ó dára bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí. "Tó bá ti pòórá kó tó dé ìdajì apá, ó ti ki jù nìyẹn."

Láti ìka dé ìgúnpá kò ní ṣàì tó ogójì sẹ̀ǹtímítà. Àwọn onímọ̀ ẹja ní irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn ohun kan náà, tí wọ́n á so mọ́ okùn jù sómi. Ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà sí márùndínláàádọ́ta ni wọ́n ń wá. Apá ìyá yìí ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Wọ́n wá ṣàlàyé ohun tó pa ẹja mi. Àwọ̀ ewé yẹn, ewé ni lóòótọ́, wínníwínní tí ojú kò lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́sàn-án, nígbà tí oòrùn bá ń tàn, ó ń tú èémí sínú omi fún ẹja. Tí ilẹ̀ bá ṣú, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í mí, á máa bá ẹja du ìwọ̀nba tó wà nínú omi títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ìdájí lẹja máa ń yọ ẹnu sókè omi. Èwo wá ni ti ẹni tó pa gbogbo ewé náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Òkú ewé á máa jẹrà, ìjẹrà a sì máa gba èémí ju bí ewé tó wà láàyè ṣe ń gbà á lọ. Àrọ̀ lè fara dà á díẹ̀, torí pé ó ní ohun tó fi ń gba afẹ́fẹ́ òkè sínú. Epìyà kò ní in.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lò ń fún wọn lóúnjẹ lójúmọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta, màámi. Mo máa ń dà á tí yóò fi kù lójú omi."

"Ajílẹ̀ lò ń dà sómi yẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi wọ ọkọ̀ padà sí ìgboro. Oúnjẹ tí ẹja kò jẹ àti ìgbẹ́ tí ẹja yà ni ewé náà ń jẹ, oòrùn ló sì ń dáná rẹ̀. Èmi ni mo ń bọ́ ọ.

Mo gba ọ̀nà Gbági lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń sin ẹja koi níwájú ilé rẹ̀ níbẹ̀, méje péré, pupa, funfun àti aláwọ̀ ọsàn, nínú omi tí kò fẹ̀ ju ẹní méjì lọ. Àwọn àgbẹ̀ onírẹsì ní agbègbè Niigata ní Japan ló kọ́kọ́ ṣa ẹja yìí lẹ́ṣà fún àwọ̀ rẹ̀, ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Tó bá di ọ̀rọ̀ èémí, kò ní ohun tí àrọ̀ ní. Síbẹ̀ mo rí òkúta ìsàlẹ̀ omi náà kedere.

Ojú oró ló bo ìdajì omi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ gbìn ín?"

"Èmi ni. Ó ń bo oòrùn lójú, gbòǹgbò rẹ̀ sì ń fa ajílẹ̀ inú omi mu. Ohun tó yẹ kí ewé kéékèèké yẹn jẹ, ojú oró ti jẹ ẹ́ tán."

Wọ́n fa ọ̀kan sókè, gbòǹgbò rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ bí irùngbọ̀n àgbàlagbà, ẹ̀gbin rọ̀ mọ́ ọn. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ kúrò, tí wọ́n á kó o sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹni tí kò bá lè máa yọ ọ́, kó má gbìn ín o, kó má sì jù ú sódò. Ẹni tó bá ti rí adágún Ẹlẹ́yẹlé tí wọ́n sé lórí odò Ọ̀nà lọ́dún 1942 nígbà tí ewé orí omi bá bò ó, yóò mọ ohun tí mò ń sọ.

Ìdá kan nínú mẹ́rin omi ni wọ́n ń pààrọ̀ lọ́sẹ̀. Tó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ ìjọba, yóò kọ́kọ́ sùn nínú dúrọ́ọ̀mù tí kò ní ìdérí, kí kòlóríìnì inú rẹ̀ lè fò lọ. Tó bá jẹ́ omi kànga, láti òkè ni wọ́n ti ń dà á kó lè gba afẹ́fẹ́. Àbúrò wọn ní ìlú Ọba tilẹ̀ sọ fún wọn pé koríko ọkà bálì làwọn ń jù sómi níbẹ̀. Ìyẹn kì í pa ewé tó ti wà, ó kàn lè dín tuntun kù ni, ó sì ń pẹ́. Ta ló ń gbin bálì ní Ẹ̀gbẹ́dá?

Ọjọ́ ti rọ̀ kí n tó gba Amúlókò dé Àkànrán. Bàbá àgbẹ̀ kòkó kan ló ní kòtò ẹja níbẹ̀, ìsàlẹ̀ oko. Mo sọ ìtàn mi fún wọn. Wọ́n bi mí bóyá oògùn náà jẹ́ búlúù, bí iyọ̀ wóróworó. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Bàbá mi orí. "Kọ́pà nìyẹn. Òun la fi ń wọ́n kòkó kó má dúdú. Èmi kì í fọ ẹ̀rọ ìfọ́nkòkó mi nítòsí omi yìí láéláé."

Kọ́pà a máa pa ewé inú omi lóòótọ́, àmọ́ ó ń ṣe ẹ̀yà ìmí ẹja léṣe, omi tí kò ní ẹfun nínú sì ni ewu rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Bàbá mú mi lọ sí igun kan. Lọ́dún tó kọjá, ìfófòó kan bo ibẹ̀ bí ọ̀dà ilé tí wọ́n dà sómi, ẹja wọn wá ń ta bí ẹrẹ̀ lẹ́nu. Àgbàrá ilé adìẹ ló ń ṣàn bọ́ síbẹ̀. Wọ́n lé ewúrẹ́ sẹ́yìn kó má mu ún, torí irú ìfófòó bẹ́ẹ̀ lè ní májèlé. Wọ́n gbẹ́ gọ́tà yí i ká, àgbàrá gba ọ̀nà oko lọ. Wọn kò fi oògùn kan kàn án. Bó ṣe di nǹkan bí oṣù méjì, omi bọ̀ sípò.

Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni mò ń bọ́ ẹja mi báyìí, ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ tán kí n tó ka ọgọ́rùn-ún mẹ́ta. Mo fi imọ̀ ọ̀pẹ bo ìdajì táńkì. Mo gba ojú oró mẹ́fà lọ́wọ́ olùkọ́ Ẹ̀gbẹ́dá. Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, kò sí ìyàtọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, ọrùn ọwọ́ mi ni ìka mi pòórá sí.

Láàárọ̀ yìí, kí oòrùn tó yọ, mo ká apá aṣọ mi. Mo rì í títí omi fi kan ìdajì apá, mo ṣì rí èékánná mi, epìyà kan sì wá fẹnu kàn án.