Mọ́tò Kékeré Náà Lè Fa Ọkọ̀ Ojú Omi

Ní Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, kì í ṣe ríra ọkọ̀ ojú omi ló ń dá èèyàn lágara, ibi tí yóò máa gbé e sí ni. Owó ààyè létí omi lọ́dún kan lè ju owó tí a fi ra ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ̀gbẹ́ ilé ni tèmi ń sùn, lórí tírélà ẹlẹ́sẹ̀ méjì (ẹ má rò pé irú èyí tó ń kó sìmẹ́ǹtì láti Ewékorò ni). Bí ojú ọjọ́ bá dára, mọ́tò kékeré mi a fà á lọ sí etí òkun ní Whitstable.

Ẹ̀gbọ́n kan ní ìjọ wa, ọmọ Èpé, rí irin ìfà nídìí mọ́tò náà, ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Àbúrò, ẹ̀rọ ìránṣọ lo fẹ́ fi fa ọkọ̀ ojú omi? Lọ ra jíìpù!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ ná."

Mi ò bá wọn wí. Etí ọ̀sà ni ọkọ̀ ń gbé ní Èpé. Ta ni yóò gbé e gba orí títì?

Mirror ni wọ́n ń pe irú ọkọ̀ mi. Jack Holt àti Barry Bucknell ló gbìmọ̀ ṣe é, ìwé ìròyìn Daily Mirror sì gbé e jáde lọ́dún 1963 kí mẹ̀kúnnù náà lè ní ọkọ̀ tirẹ̀. Pọ́ùn 63 àti ṣílè 11 ni wọ́n ń tà á nígbà náà, èèyàn á sì to pákó rẹ̀ pọ̀ fúnra rẹ̀ nílé. Ara ọkọ̀ náà ò ju nǹkan bíi kílò 45 lọ. Ẹ fi òpó, ìgbòkun àti tírélà kún un, kò tó 200. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí tírélà tí kò ní bíréèkì má wúwo ju ìdajì mọ́tò lọ, kó má sì kọjá kílò 750. Mọ́tò tó bá wọn 1,200 lẹ́tọ̀ọ́ sí 600. Kí ni jíìpù fẹ́ wá ṣe níbẹ̀?

Bí ẹrù ṣe jókòó ló yẹ ká máa bẹ̀rù. Ọrùn tírélà gbọ́dọ̀ fi díẹ̀ tẹ ìdí mọ́tò, bíi ìdá 5 sí 7 nínú 100 gbogbo ìwúwo rẹ̀. Ìwọ̀n tí ìyàwó mi fi ń wọn ara rẹ̀ ni mo ń gbé sábẹ́ ọrùn náà, pẹ̀lú igi kúkúrú láàárín. Bí ẹrù bá pọ̀ lẹ́yìn jù, tírélà á bẹ̀rẹ̀ sí í jó sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ti ń jó, ẹ má tẹ bíréèkì, ẹ má sì yí sítíárìn. Ẹ kàn rọra yọ ẹsẹ̀ lórí tọ́rọ́tù. Máìlì 60 ní wákàtí kan lòpin eré wa ní márosẹ̀, mi ò sì tíì rí ohun tí mò ń lé tó fi yẹ kí n dé ibẹ̀.

Etí omi ni wọ́n ti máa ń fi mọ́tò kékeré ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Táyà iwájú ló ń wa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí ẹrù bá tẹ ìdí mọlẹ̀ lórí ibi gẹ̀rẹ́ tí ewé òkun ti mú yọ̀, táyà iwájú á kàn máa yí lórí asán. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kílò 45 ò nílò mọ́tò nínú omi. Òkè ni mo ń já tírélà, èmi àti ọmọ mi á sì fọwọ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. A kì í kánjú o. Bíárìn táyà tírélà tó ṣì gbóná látojú títì, bí ẹ bá rì í bọ omi tútù, á fa omi iyọ̀ mu, gírísì inú rẹ̀ á sì bàjẹ́. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni mo fi ń kan àárín táyà kí n tó gbà kó wọmi.

Ẹ̀yin ará wa ní Amẹ́ríkà, ẹ má fi ìṣirò tiwa ṣiṣẹ́: oríṣi mọ́tò tí ìwé rẹ̀ fàyè gba fífa ẹrù ní Yúróòpù lè jẹ́ èyí tí ìwé tiyín kọ̀ fún pátápátá. Ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́dọ̀ wa níbí, ẹ wo àwo kékeré tí nọ́ńbà mọ́tò yín wà lára rẹ̀ kí ẹ tó náwó sórí irin ìfà. Ìwúwo tí mọ́tò àti tírélà pa pọ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá máa ń wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, wọn ò ṣe mọ́tò yẹn fún fífa nǹkan kan, ì báà jẹ́ jíìpù.