Àròkọ kan tí ọmọ ilé-ìwé kọ ní Japan ló gbé e dé Accra

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ti Èkó lọ sí Accra kò lóǹkà. Wọn a gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá, wọn a la Kútọnu àti Lomé já, wọn a sì fi ẹnubodè Aflao wọ ilẹ̀ Ghana kí wọ́n tó dé ìlú àwọn Gã. Ọjà Makola ni àwọn oníṣòwò ń dà lọ, Osu ni àwọn tó fẹ́ gbafẹ́ ń wọ́ lọ, àwọn tó sì ní ẹbí nílùú náà a máa yà sí Accra New Town, àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Lagos Town láyé àtijọ́, orúkọ tó fi hàn pé ẹsẹ̀ àwọn èèyàn wa ti pẹ́ níbẹ̀. Ìwọ̀nba ni ẹni tó ń dé Korle Bu nínú wọn, àfi ẹni tí èèyàn rẹ̀ bá ń ṣàìsàn.

Ilé ìwòsàn ńlá ni Korle Bu. Ọjọ́ 9, oṣù kẹwàá, ọdún 1923 ni wọ́n ṣí i nígbà ìjọba Gómìnà Guggisberg, lẹ́bàá ọ̀sà Korle. Ibùsùn 200 ló fi bẹ̀rẹ̀. Lónìí, ibùsùn ibẹ̀ ti tó 2,000. Nínú ọgbà yìí ni yàrá ìwádìí kan wà tí wọ́n ń tọ́jú nítorí ọkùnrin kan tí kì í ṣe ọmọ Ghana, tí kì í sì í ṣe ọ̀kan lára àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso ibẹ̀ nígbà náà. Ará Japan ni. Hideyo Noguchi ni orúkọ rẹ̀. Kí ni ará Japan ń wá ní Gold Coast ní ọdún 1927, nígbà tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ló gbé e la òkun kọjá fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀? Bí èèyàn bá tọpa ọ̀rọ̀ náà dé ìdí, àròkọ kan tí ọmọ ilé-ìwé kọ ni yóò bá níbẹ̀, àti owó díẹ̀ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tu jọ.

Abúlé kan lẹ́bàá adágún omi Inawashiro, ní agbègbè Fukushima, ni wọ́n bí i sí lọ́jọ́ 9, oṣù kọkànlá, ọdún 1876. Seisaku ni wọ́n sọ ọ́. Ìṣẹ́ wà nílé náà gan-an. Baba rẹ̀ kò ṣe é gbójú lé, ọtí ló gbà á lọ́kàn. Ìyá rẹ̀, Shika, ló ń roko, òun náà ló ń ru ẹrù fún ẹni ẹlẹ́ni kí wọ́n lè jẹun. Ní ilé àwọn ará oko Japan láyé ìgbà náà, àárín yàrá ni wọ́n máa ń gbẹ́ ihò ààrò sí, iná a sì máa jó nínú rẹ̀ nítorí oúnjẹ àti nítorí òtútù. Ọmọ náà kò tí ì pé ọdún méjì tó fi ré sínú iná yìí. Ọwọ́ rẹ̀ òsì jóná. Nígbà tí egbò náà jinná, àwọn ìka ti lẹ̀ mọ́ ara wọn gírígírí.

Ẹni tó bá ti rí bí ọmọdé ṣe ń fi àbùkù ara ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́ yóò mọ ohun tí ojú ọmọ náà rí nílé-ìwé. Ìyá rẹ̀ wò ó pé ọwọ́ tí kò lè di ọkọ́ mú kò lè roko, ó ní ìwé ni kí ó gbájú mọ́. Ọmọ náà sì mọ̀wé. Olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Sakae Kobayashi rí i pé orí rẹ̀ pé, ó ṣe alátìlẹ́yìn rẹ̀ títí ó fi wọ ilé-ẹ̀kọ́ tó ga ju ti abúlé lọ. Níbẹ̀ ló ti kọ àròkọ náà. Kò kọ nípa òdòdó, kò kọ nípa ogun àwọn baba ńlá. Ọwọ́ rẹ̀ tó jóná ló kọ nípa rẹ̀, bí ó ṣe ń ni ín lára àti bí ojú ṣe ń tì í. Ọ̀rọ̀ náà wọ àwọn olùkọ́ àti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lákínyẹmí ara. Wọn kò fi mọ sí ẹ kú ìrójú. Wọ́n dáwó. Owó ọ̀hún ni wọ́n fi gbé e lọ sọ́dọ̀ Dókítà Kanae Watanabe, tó ti kọ́ṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, nílùú Aizuwakamatsu, ní ọdún 1892. Dókítà fi abẹ tú àwọn ìka náà sílẹ̀. Ọwọ́ náà kò padà rí bí Ọlọ́run ṣe dá a, ṣùgbọ́n ó di ohun tí wọ́n lè fi ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ ọ̀hún ti pinnu pé iṣẹ́ dókítà ni òun yóò ṣe, ọ̀dọ̀ Watanabe yìí kan náà ló sì ti lọ kọ́ṣẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹni mímọ́ ni wọ́n dáwó fún o. Àpà ni Noguchi. Títí dòní ni àwọn ará Japan ń ròyìn bí ó ṣe fi owó tí ìbá fi wọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1900 se àsè ìdágbére fún àwọn ọ̀rẹ́, tó fi di dandan kí ọ̀gá rẹ̀, Morinosuke Chiwaki, tún sáré wá owó mìíràn kí ọkọ̀ tó ṣí. Gbogbo ẹni tó bá ti dáwó fún ọmọ ọlọ́mọ rí ni yóò mọ ìrora irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Chiwaki kò bojú wẹ̀yìn. Noguchi dé Amẹ́ríkà, ó di èèyàn Simon Flexner, ó sì di gbajúmọ̀ ní ilé ìwádìí Rockefeller ní New York. Ní 1913, òun ló fi hàn pé kòkòrò àrùn syphilis ń wọ inú ọpọlọ àwọn tí àrùn náà sọ di wèrè. Shika ìyá rẹ̀, tó jẹ́ pé àgbà ló fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé, kọ lẹ́tà sí i ní 1912 pé kí ó wá sílé, ọwọ́ kọ́dọrọ̀kọ́dọrọ̀ bíi ti ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ọdún 1915 ló tó ráyè lọ. Kò tún padà síbẹ̀ mọ́.

Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ló gbé e wá sí Accra. Ní Ecuador, ní 1918, Noguchi kéde pé òun ti rí kòkòrò tó ń fa ibà náà. Àwọn oníṣègùn tí àjọ Rockefeller kó wá sí Yábàá, l'Èkó, wá a títí, wọn kò rí i. Ní 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin ará Gold Coast kan tó ń jẹ́ Asibi, wọ́n fi sára ọ̀bọ tí wọ́n kó wá láti India, ọ̀bọ náà sì kó àrùn. Asibi yè é, ṣùgbọ́n Adrian Stokes, ọ̀kan lára àwọn oníṣègùn náà, kó ibà yìí, ó sì kú l'Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Orúkọ Noguchi wà nínú ewu. Ó lè jókòó sí New York kó máa fi ìwé bá wọn jà. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Oṣù kọkànlá, ọdún 1927, ló gúnlẹ̀ sí Accra, kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ wò ó bóyá òun ló jàre ni tàbí àwọn ará Yábàá.

Àwọn ará Yábàá ló jàre. Kòkòrò ibà náà kéré ju ohun tí awò amúǹkantóbi ayé ìgbà náà lè fi hàn lọ. Oṣù mẹ́fà ni Noguchi fi ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ọ̀bọ rẹ̀ ní Accra, tọ̀sán-tòru. Ní oṣù karùn-ún, ọdún 1928, ó wọkọ̀ lọ bẹ Èkó wò. Ìgbà tó padà dé ni ara rẹ̀ kò yá mọ́. Ọjọ́ 21, oṣù náà, ló kú, ẹni ọdún 51. William Young, dókítà Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á lálejò sínú yàrá ìwádìí, kú tẹ̀ lé e kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ibà kan náà ló pa á.

Ẹni tó bá fẹ́ ka èrè àti òfò lórí ọ̀rọ̀ yìí, kí ó fara balẹ̀. Ohun tí Noguchi sọ nípa ibà náà kò rí bẹ́ẹ̀. Láti inú ẹ̀jẹ̀ Asibi ni Max Theiler àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n gbé jáde ní 1937, òun náà ni wọ́n ṣì ń gún fún àwọn èèyàn títí dòní. Ìwé pẹlẹbẹ aláwọ̀ yẹ́lò tí àwọn òṣìṣẹ́ ẹnubodè ń béèrè lọ́wọ́ arìnrìn-àjò, ẹ̀rí abẹ́rẹ́ yìí ni. Ṣùgbọ́n ikú ọkùnrin tó ṣìnà yìí ni àwọn ará Japan kò gbàgbé. Ní 1979, ìjọba wọn kọ́ ilé ìwádìí ìṣègùn ńlá kan fún Yunifásítì Ghana ní Legon, wọ́n sì fi orúkọ Noguchi pè é. Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní 2020, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò fún ọ̀pọ̀ àwọn ará Ghana. Láti 2004 títí di 2024 ni àwòrán rẹ̀ fi wà lára owó 1,000 yen tí wọ́n ń tẹ̀ jáde ní Japan, ọmọ tí wọ́n tọrọ owó kí ìka rẹ̀ tó là.

Ìdáwójọ kì í ṣe nǹkan àjèjì sí ará Accra. Alájọ tó ń káàkiri ọjà Makola lójoojúmọ́, susu ni wọ́n ń pe iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí ọmọ Yorùbá tí yóò gbọ́ susu tí kò ní rántí èsúsú. Nísinsìnyí, orí fóònù ni wọ́n ti ń dá púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní ti ìwé kíkà, inú ọdún 1928 tí Noguchi kú gan-an ni Bíṣọ́ọ̀bù Aglionby ṣí ilé ìkàwé kékeré kan ní Accra. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti gbèrú títí Àjọ Ilé Ìkàwé fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1950. Ní 1990, obìnrin ará Canada kan, Kathy Knowles, bẹ̀rẹ̀ sí ka ìtàn fún àwọn ọmọ mélòó kan nínú ọgbà ilé rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di 1992, wọ́n ti sọ kọ̀ǹtánà ẹlẹ́sẹ̀ 40 di ilé ìkàwé ní Osu. Owó tí àwọn èèyàn ń dá ni wọ́n fi kọ́ ìyókù, ní Nima, ní Mamprobi, ní Korle Gonno. Àjọ náà tún ń tẹ ìwé ọmọdé, ìwé tí ọbẹ̀, ejò, búrẹ́dì àti àwọn ọmọ Ghana fúnra wọn wà nínú rẹ̀, owó tí wọ́n bá sì pa lórí rẹ̀, ilé ìkàwé ni wọ́n fi ń tọ́jú.

Èyí dára ju àwọn àpò ìwé àlòkù tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun lọ, níbi tí ọmọ Gã ti ń ka ìtàn yìnyín tí kò rí rí. Síbẹ̀, àgbà ló ṣì ń kọ púpọ̀ nínú wọn. Àwọn ọmọ ló kàn wà nínú àwòrán. Deborah Ahenkorah, ọmọ Ghana tó ṣì ń kàwé ní yunifásítì l'Amẹ́ríkà nígbà tí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ dá ẹ̀bùn Golden Baobab sílẹ̀ ní 2008, mọ èyí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ya ẹ̀bùn kan sọ́tọ̀ fún òǹkọ̀wé tí kò tí ì pé ọdún 18. Ó yẹ kí irú rẹ̀ pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìlú tí àjọ UNESCO fi ṣe olú-ìlú ìwé fún gbogbo ayé ní 2023. Iye tí wọ́n ń gbà láti tẹ ìwé tín-ín-rín kan kò tó ohun tí àwọn òbí kíláàsì kan kò lè dá.

Bí arìnrìn-àjò láti Èkó bá wá ráyè, kí ó wọ trotro lọ sí Korle Bu, kí ó béèrè yàrá Noguchi. Tó bá jáde níbẹ̀, Korle Gonno kò jìnnà. Kí ó béèrè ilé ìkàwé àwọn ọmọdé.